Orù Májẹ́kódùnmí Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

                                                  Ilé Alágbẹ̀dẹ,
                                                  Ọ̀mù-Àrán.
                                                  Ogúnjọ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1899.

Mọ́láyọ̀ mi, ọ̀rẹ́ tí mo fi ṣe ọmọ ìyá,

Mo kí ọ kú ọyẹ́, mo kí ọ kú ọdún tó wọlé, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Aké? Bàbá Dáníẹ́lì ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń hú nígbà tí mo fi ọ̀dọ̀ yín sílẹ̀ ti dáwọ́ dúró? Dáníẹ́lì fúnra rẹ̀ ńkọ́, àti ìyàwó tó ń fẹ́ sọ́nà? Orúnkún rẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ńkọ́? Má jẹ́ kí n gbọ́ pé o tún ń gun òkè lọ pọn omi nígbà tí ọmọ mẹ́ta tó lágbára wà nílé. Níhìn-ín, ọyẹ́ mú débi pé ètè àgbà ń ya bí ètè ọmọdé. Odò wa ti fà, igbá kékeré ni àwọn obìnrin fi ń họ omi láàárín iyanrìn, ohun tí wọ́n sì ń gbé bọ̀ wálé, amọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi. Èmi kò ṣàìsàn o. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò le.

Mo mọ̀ pé o ti máa wò ó pé kí ló dé tí n kò kọ̀wé láti ìgbà tí mo ti padà délé. Ohun tó fà á ni n ó sọ. Mo sì fẹ́ kí o jókòó kà á, kí o má ṣe kà á lórí ìdúró nínú ìsọ̀ bí o ti máa ń ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ọjà tí ò ń tà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ kan ni, ọmọ ọjọ́ méjìlélógún, tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní bí mo ti ń kọ ìwé yìí. N kò mọ̀ bóyá yóò jí.

O rántí agolo wàrà òyìnbó mẹ́fà, wàrà tó dùn tó sì ki bí oyin, tí mo rà lọ́wọ́ rẹ ní ìparí òjò, èyí tí a ná títí tí o fi fẹ́ bínú. Èrò mi ni pé n ó tà wọ́n fún àwọn tó ti gbé Èkó rí, tí ẹnu wọn ti mọ nǹkan dídùn. Inú àpótí mi ni wọ́n wà tí ìyàwó Ayọ̀dèjì fi bímọ. Ayọ̀dèjì yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí rẹ̀. Kúbúrá ni orúkọ ìyàwó náà, ọmọ àwọn oníṣòwò Ṣààrẹ́ ni, ọmọ pẹ̀lẹ́ tó mọ òwú ran. Ní àárọ̀ ọgbọ̀njọ́ oṣù tó kọjá ni ó bí ọmọbìnrin. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀jẹ̀ ti gbé e lọ. Ìyá ẹni kú, a kò tíì fi ọmú kan ẹnu ẹni: ayé tí ọmọ náà wá bá nìyẹn.

Mo lọ bá abiyamọ mẹ́ta nínú àdúgbò pé kí wọ́n fún un lọ́mú. Ẹ̀kíní ní ọmọ òun fúnra rẹ̀ kò yó. Ẹ̀kejì wọ yàrá lọ, kò jáde mọ́. Ẹ̀kẹta, ìyàwó alágbẹ̀dẹ iwájú ilé wa, ló sọ òtítọ́ rẹ̀ síta: ó ní obìnrin tó bá kú lórí ìkúnlẹ̀ yóò padà wá fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, bó bá sì bá ọmọ náà láyà obìnrin mìíràn, ọmọ onítọ̀hún ni yóò gbé lọ. Mo ní kó ṣe é nítorí Ọlọ́run. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ìyá Oníwèé,” ó ní, “ṣé ìwé yín ò lọ́mú ni? Ẹ fún un ní ìwé kó mu.”

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́ fún ọ, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn Fúlàní tó máa ń kiri wàrà ní tiwọn ti kó màlúù lọ sí etí odò ńlá láti ìgbà tí koríko ti gbẹ. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi àgbo àti omi rọ ọmọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tí ọmọ ń fa ọwọ́ ara rẹ̀ mu tí ó sì ń ké, mo ṣí àpótí.

Báyìí, fi etí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀. Mo kó àwọn obìnrin ilé jọ, mo gbé agolo kan sókè, mo ní, “Ẹ wo nǹkan yìí. Owó mẹ́fà rẹ̀ tó ra ewúrẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀kán kan kò gbọdọ̀ ṣòfò.” Mo sọ nípa ọwọ́ fífọ̀, mo sọ nípa omi híhó, mo sọ pé omi ni à ń hó, kì í ṣe wàrà fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n dì mú jù. O mọ̀ mí, Mọ́láyọ̀. Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ owó, ohùn mi a máa le ju bó ti ń le lọ nígbà tí mo bá ń gbàdúrà.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni èmi fúnra mi fi ń po wàrà náà. Mo ń hó omi títí yóò fi máa yí nínú ìkòkò, mo ń sẹ́ ẹ kí n tó gbé e kaná, mo ń fi ṣíbí tí mo ti bọ inú omi gbígbóná wọn wàrà, mo ń kán an sí ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ mi kí n tó fi kan ọmọ lẹ́nu. Ìwọ̀nba tí yóò mu tán lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ń pò, nítorí ahun ni mí. Mo tún jẹ́wọ́ fún ọ pé mo fi omi kún un ju bí wọ́n ti kọ ọ́ sára agolo lọ. Mo ní bó bá ti funfun, ó ti tó. Síbẹ̀ ọmọ náà mu, ó sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ní ọjọ́ keje a sọ ọ́ lórúkọ: Májẹ́kódùnmí. Bàbá rẹ̀ ló mú orúkọ náà wá, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń pè é.

Ní ọjọ́ kejìlá, mo lọ sí Bàbáńlá lọ ra òwú. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò. Mo fi ṣíbí lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, mo fi agolo lé e lọ́wọ́, mo sì tún wí fún un lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó di ẹrù mi pé kò gbọdọ̀ ṣòfò.

Kí n tó wọ ìloro lọ́jọ́ tí mo padà dé ni òórùn kan ti pàdé mi. Kì í ṣe òórùn ìgbẹ́, kì í ṣe òórùn òkú ẹran. Ó kan, bí omidùn tí ènìyàn gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n adùn kan tún wà lábẹ́ rẹ̀ tó mú kí n fi aṣọ bo imú. Àwọn ènìyàn jókòó kiri ilé, kò sí ẹni tó ń pariwo. Wọ́n kí mi kú àbọ̀ bí ìgbà tí à ń kí ẹni tó dé bá ọ̀fọ̀. Mo wọ yàrá. Ọmọ tí mo fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo bá a bí ewé tí oòrùn ti lù. Mo fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn wọlé débi pé orí ìka mi jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àpótí. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti di omi aláwọ̀ ewé. Ìgbà méje ni mo kà á láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Bó bá sì fẹ́ sunkún, ohùn ọmọ ológbò ló ń jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sí kọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Kúbúrá ti ń wá. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó mú mi lọ sí igun yàrá níbi tí orù ọmọ wà. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta náà mọ orù, ìkòkò kékeré tí à ń se àgbo ọmọ sí. Ó ṣí ọmọrí rẹ̀. Wàrà ló wà nínú rẹ̀, ó kún dé ọrùn, ìfófòó sì bo ojú rẹ̀. Bí mo ti ń wò ó, ìfófòó náà gbéra díẹ̀, ó bẹ́, ó lọ sílẹ̀, ó tún gbéra, bí àyà ẹni tó ń sùn.

“Ó ń mí,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Láti ìjẹta ló ti ń mí. Ìyá ọmọ ló ń fẹnu sí i kí ọmọ tó mu ún.”

Mọ́láyọ̀, ara mi ta gìrì. Mo mọ ohun tí ògì ń ṣe bó bá ń kan, èmi tí mo ti lọ ògì láti kékeré. Síbẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí mo kà, mo sún sẹ́yìn kúrò nídìí ìkòkò yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé ìgbà wo ló ti po wàrà yìí.

“Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni,” ó wí, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn láti sọ ọ́ fún mi. “Orù yìí ò gbẹ rí. Bí ọmọ bá mu kù, mo dà á padà. Bó bá lọ sílẹ̀, mo po tuntun lé e. Ẹ̀kán kan ò ṣòfò, àbúrò mi. Bí o ti wí ni mo ṣe.”

Kí o lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe òmùgọ̀, jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ti rí nínú ilé wa fún ọ. Lọ́jọ́ tí a bá bímọ ni a ń gbé orù tirẹ̀ kalẹ̀ fún un. Àgbo inú rẹ̀, a kì í dà á nù. Bó bá fà, a bu omi lé e, a fi egbò igi tuntun kún un, a gbé e padà kaná, bẹ́ẹ̀ títí ọmọ yóò fi rìn. Àwọn àgbà ní bí orù bá gbẹ, ọmọ á gbẹ. Ọmọ márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi fi orù tọ́, ẹyọ kan ò kú nínú wọn. Ọwọ́ tó fi mú àgbo náà ló fi mú wàrà. Ṣùgbọ́n àgbo ń rí iná lójoojúmọ́, iná ni kò jẹ́ kó di májèlé. Wàrà yìí kò rí iná, nítorí èmi ni mo sọ pé a kì í hó o. Àgbo korò, kòkòrò ń sá fún un. Wàrà yìí dùn. Ìṣẹ́kù ọjọ́ kìíní ló ba ti ọjọ́ kejì jẹ́, ti ọjọ́ kejì ba ti ọjọ́ kẹta jẹ́, ọmọ sì ń mu gbogbo rẹ̀ pọ̀.

N kò ronú. Mo gbé orù náà jáde, mo dà á sí ẹ̀yìn ilé lójú gbogbo wọn. Nǹkan funfun kan tó ń fà bí ikun ló gbẹ̀yìn jáde. Àwọn adìẹ sáré dé, wọ́n ṣá a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n nu ẹnu wọn mọ́lẹ̀, wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ké tòò, ó wó lulẹ̀.

“Ọ̀ṣuntọ́lá! O ti dà á! O ti da ọmọ mi nù!”

Ìbá sì jẹ́ pé ọmọ náà jí sáyé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ara rẹ̀ rọ pátápátá, ojú rẹ̀ yí sókè, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó tún mí kanlẹ̀. Lójú gbogbo ilé, kò sí ohun tó tún kù láti bi léèrè. Orù gbẹ, ọmọ gbẹ. Èmi ni mo gbé orù.

Baálé ilé ránṣẹ́ pè mí. Arúgbó tí kì í gbóhùn sókè ni, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, “Ìwọ lo lọ mú nǹkan yìí wá, àwa ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ ẹnu ìkòkò ni í dé e. Di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ọwọ́ rẹ ni ọmọ wà. Bó bá yè, ọmọ ilé wa ni. Bó bá kú, a ò ní bá ọ jà, Ọ̀ṣuntọ́lá. A ò kàn ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ ni.” Ayọ̀dèjì, bàbá ọmọ, wà níbẹ̀. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n, tí mo kọ́ ní ABD lórí iyanrìn. Ilẹ̀ ló ń wò títí mo fi jáde.

Lọ́la ni ọjọ́ ọjà náà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí baálé pè mí, mo jókòó ti ọmọ, mo ń ronú ibi tí mo ti rí ẹni tó ń fi agolo tọ́jú ọmọ rí. Ìgbà náà ni ìyàwó òyìnbó wa ní Aké wá sí mi lọ́kàn, nígbà tí èmi àti ìwọ ń fọ àwo nílé ìdáná rẹ̀. Ṣé o rántí pé bí ọmọ rẹ̀ bá mu wàrà kù, ì báà ṣe ìdajì, yóò ní kí a dà á nù? Ṣé o rántí pé a kì í dà á, pé ẹ̀yìn ilé ni à ń gbé e lọ tí a ó sì mu ún, ìwọ lẹ́ẹ̀kan, èmi lẹ́ẹ̀kan? O máa ń sọ pé owó ló ń yọ òyìnbó lẹ́nu. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo rí i tó ń bọ ṣíbí sínú omi gbígbóná, mo kọ́ ọ. Mo rí i tó ń da ìṣẹ́kù nù, mo pè é ní àpà. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò béèrè ìdí. Ẹ̀kọ́ tí mo rò pé kò ní èrè, òun ni mo fò.

Nítorí náà mo gbé orù, mo fi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́, mo fi omi híhó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo da omi tí mo ti sẹ́ sínú rẹ̀, mo gbé e kaná títí omi fi ń ta sókè. Mo dé e, mo gbé e padà sí igun yàrá, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi tó ti kọ̀yìn sí mi láti ìgbà tí mo ti da wàrà náà nù.

“Ìyá Ayọ̀dèjì, ẹ wá wò ó. Ó kún.”

Ó wá, ó wò ó pẹ́. “Omi lásán?”

“Omi tó ti hó. Nínú rẹ̀ ni n ó ti máa bu èyí tí n ó fi po wàrà, nínú rẹ̀ ni n ó sì ti máa fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu. Bó bá fà, n ó hó òmíràn kún un. Kò ní gbẹ. Ṣùgbọ́n wàrà kò ní wọ inú rẹ̀ mọ́ láé.”

Ó jókòó. Mo po wàrà díẹ̀ sínú igbá tuntun, bí wọ́n ti kọ ọ́ sára agolo gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ mu ún, ó kù. Mo na ọwọ́ láti dà á nù, ẹ̀gbọ́n mi sì di ọrùn ọwọ́ mi mú. Agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mo rí i pé bí mo bá dà á, mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, yóò sì lọ fi ìkòkò mìíràn pamọ́ fún mi níbi tí n kò mọ̀.

“Ó dáa,” mo ní, “kò ní ṣòfò. Ẹ̀yin ni ẹ ó mu ún.”

“Èmi? Èmi tí eyín mi ti ń ká, kí n máa mu wàrà ọmọ ọwọ́?”

“Kíá báyìí, kó tó tutù. Bó bá ti kúrò lẹ́nu ọmọ, ti ọmọ kọ́ ni mọ́.”

Ó gbé e mu. Ó lá ètè. Ó ní, “Àṣé ibi tí owó rẹ ń lọ nìyí,” a sì rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Kúbúrá ti kú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń mọ bí ọmọ ṣe wà láti ẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ kìíní, ohun tó kù fún un lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan kò ju ẹnu kan lọ. Lọ́jọ́ kejì ó di ẹnu méjì, ó di mẹ́ta. Lánàá, ó tó ìdajì igbá, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wo ojú ọmọ kó tó mu ún. Ìgbẹ́ ọmọ ti dín kù. Ìgbà mẹ́rin ni lánàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni láti òwúrọ̀ yìí. Àwọn ará ilé ní ó ń yè. Èmi kò mọ̀ bóyá àìsàn ló ń lọ, tàbí pé kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ tí yóò jáde. Mo ń fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu láti inú orù, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà mìíràn a gbé e mì. Nígbà mìíràn a ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Láàárọ̀ òní, kò mu nǹkan kan. Gbogbo igbá ló kù. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi bí a ti ń ṣe. Ó gbé e dé ẹnu, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

“Oúnjẹ ọmọ ni mò ń jẹ yìí, Ọ̀ṣuntọ́lá.”

Kò mu ún. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo mu ún. Ó dùn, Mọ́láyọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sán yìí, ó gba ṣíbí méjì, ó sùn. Oorun náà ló ń sùn títí di ìsinsìnyí. Mo ti gbé etí mi sí imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi kì í ṣe láti fi agolo ránṣẹ́. Èyí tó kù níhìn-ín tó o, èyí tí o bá sì fi ránṣẹ́ lónìí, nígbà tí yóò fi dé, ọ̀rọ̀ á ti yọrí síbì kan. Ohun tí mo fẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wá ra wàrà fún ọmọ ọwọ́ ní ìsọ̀ rẹ, má gba owó rẹ̀ kí o tó bá a sọ̀rọ̀. Bi í pé irú omi wo ni wọ́n ń mu nílé rẹ̀. Sọ fún un pé kó sẹ́ ẹ, kó sì hó o títí yóò fi ta, kó má ṣe fi èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tan ara rẹ̀ jẹ. Kó má lo igbá tí ògì ti gbé inú rẹ̀ rí, nítorí kíkan rẹ̀ kì í fi ara igbá sílẹ̀. Bó bá ṣí agolo, kó gbẹ́ wàrà inú rẹ̀ sínú àwo tó mọ́, kó dé e, kó gbé àwo náà sínú omi kí èèrà má lè dé ibẹ̀, bó bá sì ti yí òórùn padà, kó má tọ́ ọ wò fún ọmọ, kó dà á nù. Kó má bomi là á ju bó ti yẹ nítorí kí ó lè pẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó má po tuntun lé ògbólógbòó. Bó bá ní ó wọ́n jù láti dà nù, kí àgbà mu ún lójú ẹsẹ̀. Bó bá ní òun kò ní àyè láti gbọ́ gbogbo èyí, má tà á fún un. Mo mọ̀ pé èrè rẹ ni mo ń gé yìí. Gé e. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀, o mọ̀ pé n kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣòwò.

Bá mi kí Bàbá Dáníẹ́lì, kí o sì sọ fún un pé oyin tó ní kí n bá òun wá, n kò gbàgbé. Kí Dáníẹ́lì àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní ilé ìjọsìn, sọ fún wọn kí wọ́n dárúkọ ọmọ kan tó ń jẹ́ Májẹ́kódùnmí nínú àdúrà. Sànní, oníṣòwò ará Ṣààrẹ́ tí yóò mú ìwé yìí dé Ìbàdàn, ti gbé ẹrù rẹ̀ sórí, ó ń húkọ́ ní ẹnu ọ̀nà pé òun ń lọ. Mọ́láyọ̀, má tíì kí mi kú ewu, má sì kí mi kú àdánù.

Mo fẹ́ kọ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí láti ìdí àdógàn. Ó ní omi ti hó.

Èmi ni, tìrẹ nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn,

Ọ̀ṣuntọ́lá Lìdíà.